Bí Máàkì JAMB Ọmọ Wa Bá Kéré, Ẹ Jẹ́ Ká Ka Ọjà Ká Tó Pariwo

(Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé Ẹgbẹ́ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ níbi àjọ̀dún ẹgbẹ́ wa)

Ẹ má bínú pé a kò ní sọ̀rọ̀ èlé àti onídùúró lónìí. Akápò ti sọ tiwọn. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa tó ṣe ìdánwò JAMB tí máàkì wọn kò dára la fẹ́ sọ, nítorí pé orí ilé ìwé ọmọ ni ọ̀pọ̀ owó tí à ń yá níbí ń bá lọ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé ara wa. Ní 2018, ọmọbìnrin ọ̀kan nínú wa tó fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì gba 161 nínú 400. Ìdí àtẹ ni èsì bá ìyá rẹ̀, lórí fóònù. Ìyá figbe ta, ó ní ọmọ ti dójú ti òun láàárín ọjà. Àwa tó wà nítòsí ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká sòótọ́. Àwa kan béèrè pé èló ni ọmọ ìsọ̀ kejì gbà. Àwa kan ní ṣebí fóònù ló ń tẹ̀ lóru. Ọmọ náà sì dúró níbẹ̀, ó ń wọn gààrí fún oníbàárà. Gbogbo rẹ̀ ló gbọ́. Nígbà tó dalẹ́, kò wálé. Ọjọ́ kẹta la tó rí i nílé ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, kò jẹun, kò sì fẹ́ rí ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rù bà wá gan-an. Ẹyin lohùn o. Bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Àwa mẹ́ta nínú ìgbìmọ̀ la lọ bẹ ọmọ náà. Bẹ́ẹ̀ ni o, a bẹ ọmọ. Ìgbà tó jẹun tán la tó mú ìwé èsì náà, a sì kà á bí a ṣe ń ka ọjà nígbà tí owó bá dín. Obìnrin tí ọjà rẹ̀ kò tà kì í dáná sun ìsọ̀. Ṣe ló máa wò ó: èwo ló tà, èwo ló bàjẹ́, èwo la rà ní ọ̀wọ́n? Bayọ́lọ́jì 51, kẹ́mísírì 42, Gẹ̀ẹ́sì 38, físíìsì 30. Ọmọ tó gba 51 nínú bayọ́lọ́jì kì í ṣe olódo. Ìgbà tí a bi í léèrè pẹ̀lẹ́ ló sọ fún wa pé ọjọ́ ìdánwò gan-an lòun kọ́kọ́ fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà, àti pé físíìsì tí òun fi sẹ́yìn, àkókò tán kí òun tó dé ìdajì rẹ̀.

Ẹ rántí pé láti 2015 ni gbogbo JAMB ti di orí kọ̀ǹpútà. Bó ṣe wà báyìí, ìbéèrè 180 ni fún wákàtí méjì: 60 fún Gẹ̀ẹ́sì, 40 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́ta tó kù. Ìṣẹ́jú-àáyá 40 péré ló kan ìbéèrè kan. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá ibi tí lẹ́tà wà, báwo ló ṣe fẹ́ ṣe é? Ohun kejì dun ìyá rẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Láti ìgbà tí ọmọ bá ti dé láti ilé ìwé, ìdí àtẹ ló ń wà títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Ìgbà wo ló fẹ́ kàwé?

Ìyá yọ̀ǹda ọmọ láti aago mẹ́rin lójoojúmọ́, ọmọ sì ń lọ fi kọ̀ǹpútà dánra wò. Ní 2019 ó gba 213. Nọ́ọ̀sì kọ́ ni wọ́n fún un o; iṣẹ́ olùkọ́ bayọ́lọ́jì ni. Ó sunkún díẹ̀, ó gbà á. Kòrónà dá a dúró, ìyanṣẹ́lódì 2022 tún dá a dúró, ṣùgbọ́n ó ti jáde, ó ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọmọ tòun nìkan ni. Ní 2025, nínú nǹkan bíi mílíọ̀nù méjì ọmọ tó ṣe ìdánwò náà, ó lé ní mílíọ̀nù kan àbọ̀ tí kò gbà tó 200. Lọ́dún yẹn kan náà, JAMB fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé àṣìṣe wà, ó sì ní kí ọmọ 379,997, ní Èkó àti ní ìpínlẹ̀ márùn-ún ilẹ̀ Ìgbò, wá tún un ṣe. Òbí tó ti na ọmọ kí ìkéde yẹn tó jáde, kí ló fẹ́ sọ? Òṣùwọ̀n pàápàá lè ṣì í wọ̀n. Àmọ́ ká má fi ìyẹn tan ara wa jẹ. Lọ́pọ̀ ìgbà, àlàfo wà nílé tí ó yẹ ká dí.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ní 2025, 150 ni òǹkà tó kéré jù fún yunifásítì, 100 fún pólì àti kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn bíi UI àti UNILAG ń béèrè 200. Ọmọ lè pààrọ̀ ilé ìwé tàbí ohun tó fẹ́ kà. Ó lè lọ gba NCE tàbí ND, kó sì ti ibẹ̀ gba Direct Entry wọ ọdún kejì ní yunifásítì. JUPEB àti IJMB wà pẹ̀lú. NOUN kì í béèrè máàkì JAMB. Bó bá sì fẹ́ tún un ṣe, kó tún un ṣe. Ẹ kàn wò ó dáadáa pé iṣẹ́ mẹ́rin tó yàn bá ohun tó fẹ́ kà mu.

Ọ̀nà kan ṣoṣo la ti ti pa. Àwọn kan wá yá owó lọ́dọ̀ wa láti fi san fún 'miracle centre' tàbí fún ẹni tó ní òun á bá wọn fi kún máàkì. A kò fún wọn, a kò sì ní fún ẹnikẹ́ni. Owó ẹgbẹ́ kò ní ra èrú fún ọmọ wa. Ohun tí a ń bẹ ilé yìí láti fọwọ́ sí lónìí ni ẹ̀yáwó kékeré, olóṣù mẹ́fà, tí kò ní dúró de orí ìlà, fún ọmọ tó fẹ́ tún JAMB ṣe: owó fọ́ọ̀mù, owó lẹ́sìnnì, owó kọ̀ǹpútà.

A tún ń bẹ̀bẹ̀ ohun kan tí kò ná wa ní kọ́bọ̀. Bí èsì bá jáde, kí ẹnikẹ́ni má bi ọmọ léèrè máàkì lójú ọjà. Kí ìyá kọ́kọ́ béèrè pé, "Ṣé o ti jẹun?" Ìwé èsì á dúró di alẹ́.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ kí ọmọ máa wo iwájú. Kí àwa wo ẹ̀yìn, ká wo ọ̀rọ̀ tí a sọ sí i àti wákàtí tí a gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹgbẹ́ wa kò ní dàrú. Ọjà á tà o.