Ọmọbìnrin Àkọ́kọ́ ní Abẹ́òkúta Grammar School

Ẹ̀yin ìjòyè, ẹ̀yin ọ̀mọ̀ràn ìlú, ti Wọlé Ṣóyínká, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ yìí, àti ẹ̀bùn Nobel rẹ̀ ní 1986, ẹ ti gbọ́ ọ tó. Ẹni tí ó bá ṣì ń rò pé owó ìwé ọmọbìnrin ṣòfò ni a fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Ní 1908 ni ilé-ẹ̀kọ́ náà bẹ̀rẹ̀. Ní 1914 ni Olúfúnmiláyọ̀ Thomas wọlé, ọmọbìnrin àkọ́kọ́ níbẹ̀. Òun ni ó di Ìyáàfin Ransome-Kuti. Kò fi ìwé rẹ̀ ṣe fáàrí: ó kọ́ àwọn obìnrin ọjà ní ìwé kíkà. Nígbà tí owó-orí wọ̀ wọ́n lọ́rùn, àwọn kan náà ni ó kó lọ sí ààfin ní 1947. Ní 1949, Aláké fi oyè sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Bí ó ti rí lára àwọn ìjòyè, a kò ní sọ.