Níbo Ni Kí A Kó Lọ Ní Ilẹ̀ Olókè?

Ọ̀rọ̀ tí Ìgbìmọ̀ Ilẹ̀ bá àwọn aṣojú ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé àpapọ̀



Ẹ̀yin ni ẹ yan àwa márùn-ún pé kí a lọ wo ilẹ̀ ní apá ibi tí òkè pọ̀ sí, láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà dé Èkìtì àti Ìdànrè, kí a sì wá jábọ̀ ibi tí ó yẹ kí àwọn tí ń fẹ̀yìntì láàárín wa kó lọ. A ti lọ, a sì ti dé. A lọ nígbà òjò, a tún padà lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ohun tí a rí nígbà kejì sì yí púpọ̀ nínú ohun tí a ti rò tẹ́lẹ̀ padà.

Kí a tó sọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí á rántí pé owó tí a fẹ́ ná yìí kì í ṣe owó ìjọba. Owó àjẹṣẹ́kù ni. Àwọn kan jókòó síhìn-ín tí wọ́n ti ń dá a láti ogún ọdún, láti inú ata àti gàrí tí wọ́n ń tà. Bí a bá fi í ra ilẹ̀ tí kò ní omi, tàbí ilẹ̀ tí ẹjọ́ wà nínú rẹ̀, kò sí ibi tí a ó ti rí òmíràn. Nítorí náà bí ọ̀rọ̀ wa bá le díẹ̀ fún àwọn tí inú wọn ti dùn sí òkè, kí wọ́n má bínú sí wa.

A gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé òkè ni àwọn baba wa ń gbé, òkè ni kí á padà sí. Òtítọ́ ni pé wọ́n gbé e. Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí afẹ́fẹ́ tútù ni wọ́n ṣe gùn ún. Ogun ló gbé púpọ̀ nínú wọn lọ síbẹ̀. Ẹ wo àwọn Ẹ̀gbá tí wọ́n tẹ̀lé Ṣódẹkẹ́ dé abẹ́ Olúmọ ní ọdún 1830. Ẹ wo ogun Kírìjì, láti 1877 dé 1893, ní àárín àwọn òkè tí ó wà láàárín Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé. Ẹni tí ó wà lókè a máa rí ọ̀tá kí ọ̀tá tó rí i. Nígbà tí ogun tán, ìlú púpọ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ti Òkèhò kì í ṣe ìfẹ́ inú wọn, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni ó mú wọn kúrò ní ibùdó wọn àtijọ́ láàárín òkè ní ọdún 1917, lẹ́yìn ìjà tí ó ṣẹlẹ̀ ní 1916. Ṣùgbọ́n àwọn ará Ìdànrè fúnra wọn ni wọ́n sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, kí wọ́n lè sún mọ́ ọ̀nà, ọjà àti oko kòkó wọn. Àtẹ̀gùn tí ó lọ sí ìlú àtijọ́ náà lé ní 600. A gùn ún. Akápò ìgbìmọ̀ wa jókòó sinmi níye ìgbà tí a kò ní sọ níhìn-ín. Ẹni tí ó bá sì gun àtẹ̀gùn náà dé òkè kò ní béèrè mọ́ ìdí tí ẹni tí ń ru ìṣù àti ìkòkò omi fi fẹ́ sọ̀ kalẹ̀.

Ọ̀rọ̀ omi wá ni a fẹ́ fi àkókò tí ó pọ̀ jù lọ sọ.

Òkúta ilẹ̀ Ìdànrè àti òkúta apá Ẹ̀fọ̀n Aláayè kì í ṣe ọ̀kan náà. Ti Ìdànrè jẹ́ àpáta ńláńlá tí ó borí, tí kò sí ewéko lára púpọ̀ nínú wọn. Bí òjò bá rọ̀ sórí irú àpáta bẹ́ẹ̀, omi kò níbi tí yóò wọ̀; gbogbo rẹ̀ a ṣàn wálẹ̀ sí ẹsẹ̀ àpáta. Ìdí nìyí tí ilẹ̀ ẹsẹ̀ àpáta fi ń tutù tí ó sì ń jinlẹ̀, tí kòkó àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ fi ń ṣe dáadáa níbẹ̀. Ṣùgbọ́n omi kan náà ni ó ń ya dé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bí òjò ńlá bá rọ̀, ẹni tí ó bá kọ́lé sí ojú ọ̀nà rẹ̀ yóò mọ̀. Lójú wa, ilẹ̀ ibẹ̀ dára fún oko ju bí ó ti dára fún ilé lọ, bí ènìyàn kò bá tíì gbé ibẹ̀ rí òjò kan já.

Ní apá Ẹ̀fọ̀n títí dé Ìkọ́gòsì, òkúta tí ó di òkè gígùn náà le, ó sì funfun, ṣùgbọ́n ó ti là káàkiri nínú. Òjò a wọ inú ẹ̀là wọ̀nyí, a sì máa sun jáde díẹ̀díẹ̀ nísàlẹ̀ òkè gẹ́gẹ́ bí ìsun. Ìsun gbígbóná Ìkọ́gòsì tí gbogbo yín ti gbọ́, tí ó ń ṣàn lọ pàdé omi tútù, inú irú òkúta bẹ́ẹ̀ ni ó ti ń jáde. Ìsun tí ó ti inú òkúta jinlẹ̀ wá a máa pẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ju odò tí omi ojú ilẹ̀ nìkan ń bọ́ lọ. Kì í ṣe gbogbo wọn ni ó ń pẹ́ ṣá, nítorí náà ni a ṣe padà lọ wò ó.

Ẹ jẹ́ kí á sọ ohun tí ojú wa rí fún yín. Ní oṣù kẹsàn-án, ẹni tí ń fi ilẹ̀ hàn wá mú wa dé ìlú kan tí a kò ní dárúkọ. Odò ń hó lẹ́yìn ilẹ̀ náà, koríko tutù, ìkùukùu bo orí òkè. A bu omi mu, ó tutù bí omi inú àmù. Ẹ má rí wa fín o, ó ku díẹ̀ kí á fọwọ́ sí ìwé lọ́jọ́ náà. Ìyá kan nínú ìgbìmọ̀ wa ni ó sọ pé kí á lọ sùn lé e.

Nígbà tí a padà lọ ní oṣù kẹta, ìyá yìí kò jẹ́ kí á lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ń fi ilẹ̀ hàn wá. Ó ní kí á sùn sí ìtòsí, kí á lọ sí odò ní àkókò tí àwọn obìnrin ń lọ. Agogo mẹ́rin ìdájí ni wọ́n pè é. A débẹ̀, a bá obìnrin mọ́kànlá pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn, wọ́n tò pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì, wọ́n ń fi igbá kékeré bu omi nínú ihò tí wọ́n gbẹ́ sínú yanrìn odò. Bí ẹnì kan bá bu tirẹ̀ tán, ẹni tí ó tẹ̀lé e a dúró kí omi tún sun. Ìyá kí wọn, ó sọ ohun tí a bá wá. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọdé obìnrin tí ó pọn ọmọ, dá a lóhùn pé, “Ìyá, ẹ má bínú o, ṣé èyí náà lẹ fẹ́ wá bá wa pín?”

A kò rí èsì fọ̀. Nínú ọkọ̀ nígbà tí a ń bọ̀, kò sí ẹni tí ó sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́.

Nígbà tí a wá sọ èyí fún ẹni tí ń fi ilẹ̀ hàn wá, ó ní kí á má yọ ara wa lẹ́nu, ẹ̀rọ yóò gbẹ́ kànga fún wa. Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Ní ilẹ̀ olókùúta, omi kò sí níbi gbogbo nísàlẹ̀. Ibi tí òkúta ti là tàbí tí ó ti jẹrà jinlẹ̀ ni omi ń gbé. Ẹni tí ó bá gbẹ́ kànga sí ibi tí ó rọrùn fún àgbàlá rẹ̀, láìjẹ́ pé àwọn tí ó mọ iṣẹ́ ti fi irinṣẹ́ yẹ ilẹ̀ wò, lè bá òkúta gbígbẹ, a ó sì gba owó ẹ̀rọ lọ́wọ́ rẹ̀ síbẹ̀síbẹ̀.

Ohun kan tún wà nípa odò tí ń sáré láàárín òkúta. Etí irú odò bẹ́ẹ̀ ni kòkòrò kékeré dúdú kan ń pamọ sí, tí ń ta ènìyàn lọ́sàn-án, tí ó sì ń kó àrùn tí ń mú ara yún, tí ó sì ń fọ́ ojú bí ó bá pẹ́. Láti ọdún 1987 ni iléeṣẹ́ Merck ti ń fi oògùn rẹ̀, ivermectin, tọrẹ. Ibi yòówù tí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ béèrè ní ilé ìwòsàn ibẹ̀ bóyá wọ́n ń pín in, kí ẹ má sì kọ́lé sí etí omi nítorí pé ohùn rẹ̀ dùn.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ni ó kàn. Ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ tí ó wà lábẹ́ àpapọ̀ wa san owó ilẹ̀ ní ibì kan kí wọ́n tó wádìí. Ọmọkùnrin kan nínú ẹbí tí ó ni ilẹ̀ ni ó gbowó. Wọ́n ti gbin iṣu kí ìdí-igi kejì tó dé pẹ̀lú àdá. Ẹjọ́ náà ṣì wà ní kóòtù. Òfin sọ ọ́ kedere: bí ọmọ ẹbí kan bá ta ilẹ̀ ẹbí láìsí olórí ẹbí, kò tà á rárá. Bí olórí ẹbí bá sì dá tà á láìsí ìmọ̀ àwọn àgbà ìdílé yòókù, wọ́n lè lọ sí kóòtù kí wọ́n tú u ká. Nítorí náà kí gbogbo ìdí-igi jókòó, kí wọ́n fọwọ́ sí i lójú agbẹjọ́rò wa, kí awọnlẹ̀ sì wọn ín kí owó tó jáde.

Òfin Lílo Ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ọwọ́ gómìnà. Ní ìgbèríko, ìjọba ìbílẹ̀ ni ó lè fún wa ní ẹ̀tọ́ láti lo ilẹ̀ fún oko, kò sì gbọdọ̀ ju 500 hẹ́kítà lọ, èyí tí ó ju ohun tí a nílò lọ púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí ìwé ìjọba bá tilẹ̀ wà lọ́wọ́, ẹni tí kò bá bá onílẹ̀ sọ ọ́ yanjú kò ní sùn dáadáa. Níbi tí wọ́n ṣì ń gba ìṣákọ́lẹ̀, ẹ jẹ́ kí á mọ iye rẹ̀ àti ẹni tí ń gbà á láti ọjọ́ kìn-ín-ní, kí á kọ ọ́ sílẹ̀, kí á má ṣe dì í mọ́ ẹ̀rín.

Ẹ tún béèrè nípa àpáta. Àwọn tí ń fọ́ òkúta tà ń wá irú òkè wọ̀nyí kiri, ìjọba àpapọ̀ ni ó sì ń fún wọn ní ìwé àṣẹ, kì í ṣe onílẹ̀. Ní ibi kejì tí a lọ wò, ilé méjì ti sán lára nítorí ẹ̀tù tí wọ́n fi ń fọ́ àpáta. Kò sí ẹni tí ó sọ ọ́ fún wa. Ògiri ni ó sọ ọ́. A yọ ibẹ̀ kúrò lọ́jọ́ náà.

Ti iná mànàmáná, a kò ní fi àkókò yín ṣòfò, oòrùn ń ràn níbi gbogbo. Ti ààbò, a bá àwọn ọdẹ àti àwọn Amọ̀tẹ́kùn sọ̀rọ̀ níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìmọ̀ràn wọn kò sì yàtọ̀: ẹ má ṣe dá gbé inú igbó. Ó bá ohun tí àwa náà rò mu. Àwọn kan láàárín yín fẹ́ kí á kọ́ ogójì ilé sójú kan, kí á fi ọgbà yí i ká. Láti ọdún 1959 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ti kọ́ àwọn ibùdó àgbẹ̀ bíi ti Akùfọ̀ àti Ìlọrà fún àwọn ọ̀dọ́, púpọ̀ nínú wọn sì kúrò níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á gbé àárín àwọn ará ìlú, kí á máa ná ọjà wọn, kí á máa bá wọn ṣe òkú àti ìsọmọlórúkọ. Àlejò ni a ó jẹ́ níbẹ̀.

Ibi kẹta ni àwa mẹ́rin nínú márùn-ún fọwọ́ sí. Ìletò kan ni, ní ìsàlẹ̀ òkè gígùn apá Ẹ̀fọ̀n. Kò lẹ́wà tó ti àkọ́kọ́. Ilẹ̀ rẹ̀ kéré, ó wọ́n, ó sì dagun díẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí a ó ní láti kọ ebè gba ìbú òkè kí òjò má baà gbá ilẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹta, ìsun rẹ̀ ń ṣàn, àwọn obìnrin sì ń lọ pọnmi lẹ́yìn tí ilẹ̀ ti mọ́. A wa ọkọ̀ láti ibẹ̀ dé ilé ìwòsàn ìjọba lóru, nínú òjò, a sì débẹ̀ láìrì sẹ́rẹ̀. Ẹnì karùn-ún wa ṣì fẹ́ apá Ìdànrè nítorí kòkó. A kọ èrò rẹ̀ sínú ìwé àkọsílẹ̀, ẹ lè bi í léèrè níhìn-ín.

A kò tíì ní kí ẹ san owó ilẹ̀. Ohun tí a ń béèrè ni pé kí ìdílé mẹ́wàá yọ̀ǹda ara wọn láti lọ gba ilé gbé níbẹ̀, kí wọ́n sì yá ilẹ̀ dáko fún ọdún méjì, kí àpapọ̀ san ìdajì owó ilé wọn. Olórí ẹbí tí ó ni ilẹ̀ ti gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ wà nínú mẹ́wàá náà, kí òun àti aya tàbí ọkọ rẹ̀ jùmọ̀ fọwọ́ sí ìwé tí ó wà lọ́dọ̀ akọ̀wé. A kò ní gba ìwé tí ẹnì kan ṣoṣo fọwọ́ sí. Oṣù kejì ọdún tí ń bọ̀ ni a ó tún lọ, kí àwọn ìdílé náà lè kọ́kọ́ rí ibẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.