Àpò Méjì Ni Ti NATO

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé owó àdájọ nìkan ni NATO, tí orílẹ̀-èdè 12 dá sílẹ̀ ní 1949, fi ń jagun. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àpò méjì ni ó wà.

Àpò kìn-ín-ní kéré: gbogbo wọn ni ó ń dá a, fún ọ́fíìsì àti ibùdó àwọn ọ̀gágun. Èkejì ni ó tóbi: owó tí ìjọba kọ̀ọ̀kan ń ná sórí ọmọ ogun tirẹ̀. Ìdá 2 nínú 100 ọrọ̀ ọdọọdún tí wọ́n fẹnu kò lé lórí ní 2014, àti ìdá 5 tí wọ́n ṣèlérí ní 2025 fún ọdún 2035, àpò kejì yìí ni wọ́n ń bá wí.

Nítorí náà, ẹni tí kò náwó tó kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Ọgbà tirẹ̀ ni kò sọ tó. Ṣùgbọ́n ọgbà tí ẹnìkan kò sọ ni ẹran ń gbà wọ oko gbogbo àdúgbò. Amẹ́ríkà nìkan ń ná ju ìdajì gbogbo owó náà lọ. Ìdí nìyí tí ohùn rẹ̀ fi ń ròkè.

Ẹ jẹ́ kí a fi èyí kọ́gbọ́n: ẹni tí ó bá fi ààbò ilé rẹ̀ lé ọwọ́ ọlọ́rọ̀, ọlọ́rọ̀ ni yóò máa pàṣẹ fún un.