Bí A Bá Fẹ́ Fi Yàrá Kún Ilé: Ọ̀rọ̀ Olùdarí Ẹ̀ka Ọ̀dọ́ Níbi Ìpàdé Wa

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí yàrá tí à ń fi kún ilé. Èmi kì í ṣe káfíńtà, mi ò sì kì í ṣe bíríkìlà. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni mí. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé wa ti kọ́ mi lọ́gbọ́n díẹ̀.

Ilé bàbá bàbá mi, orí òpó ló wà, bíi ti ọ̀pọ̀ nínú yín. Pákó ni ògiri, pákó ni ilẹ̀, páànù ló wà lórí. Ìyá àgbà ń fẹ́ yàrá kan sí i, kí àwọn ọmọ-ọmọ tó bá wálé lọ́dún lè ríbi sùn. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ní Èkó dáwó jọ, wọ́n ní búlọ́ọ̀kù làwọn fẹ́, pé ayé ti kọjá pákó. Ta ni yóò bá ẹni tó gbówó kalẹ̀ jiyàn? Wọ́n da yanrìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, wọ́n mọ yàrá búlọ́ọ̀kù lé e, wọ́n fi lẹ ara ògiri pákó. Ó rẹwà lóòótọ́. A tiẹ̀ ya fọ́tò.

Nígbà òjò ọdún kejì ni ọ̀rọ̀ yí padà. Ṣẹ́ ẹ rí i, òpó ilé àtijọ́ ti wọlẹ̀ jìn sínú ẹrẹ̀, kò mì. Yàrá búlọ́ọ̀kù wúwo, orí ẹrẹ̀ rírọ̀ ló jókòó sí, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í rì díẹ̀díẹ̀. Àárín àwọn méjèèjì là débi pé ọwọ́ mi wọ ibẹ̀. Ilẹ̀kùn ò ṣeé tì mọ́. Òjò ń gba ibi tí páànù tuntun ti pàdé ti àtijọ́ wọlé, torí pé gegele ara wọn ò dọ́gba. Ọ̀kan ò lè sùn lé èkejì.

Èyí tó dùn mí jù ni ti yanrìn. Etí òkun ni wọ́n ti kó o, torí pé ọ̀fẹ́ ni. Iyọ̀ wà nínú rẹ̀. Iyọ̀ yẹn mú kí ọ̀pá irin inú kọnkéré dógùn-ún. Irin tó bá sì dógùn-ún a máa wú, á ti símẹ́ńtì jáde. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń já lulẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, tí Ìyá àgbà ń gbá a láràárọ̀ bí ẹni ń gbá ìpẹ́ ẹja.

Nígbà tí òkun wá sún mọ́ wa, a ní láti ṣí ilé sẹ́yìn. Gbogbo wa la mọ ohun tí òkun ti ṣe ní Ayétòrò, ìlú tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1947, tí ọ̀pọ̀ ilé rẹ̀ ti bá omi lọ. A tú pákó, a tú páànù, a fa òpó tó ṣeé fà, a kó wọn sínú ọkọ̀. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ilé ti dúró níbòmíràn. Yàrá búlọ́ọ̀kù ńkọ́? Ta ló fẹ́ tú u? Ibẹ̀ la fi í sí fún òkun, tòun ti owó àwọn ẹ̀gbọ́n mi.

Torí náà, ẹ̀yin tó ń fi yàrá kún ilé orí òpó, ẹ jẹ́ kí tuntun náà wà lórí òpó, kó sì jẹ́ pákó. Igi tó máa wọnú omi, ẹ má ra afàrà torí pé ó dínwó. Ẹkí ni kí ẹ béèrè, ó wúwo, ó sì ń pẹ́ nínú omi. (Ìṣó á máa tẹ̀ lára rẹ̀ o, kí káfíńtà kọ́kọ́ lu ihò.) Afàrà lè ṣe ògiri inú.

Ní ti páànù, ẹ gé díẹ̀ lára ti àtijọ́, ẹ mú un lọ sọ́jà Igbókòdá, ẹ gbé e lé tuntun kí ẹ tó sanwó. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ojú. Tó bá jẹ́ alumíníọ́mù, ẹ má fi ìṣó irin lásán kàn án. Iyọ̀ wà nínú atẹ́gùn òkun; ibi tí irin ti kan alumíníọ́mù á máa jẹ, ihò á máa fẹ̀. Ìṣó tí wọ́n ṣe fún un wà, tó ní rọ́bà lábẹ́ orí. Àwọ̀ ńkọ́? Ẹ má dààmú, oòrùn àti iyọ̀ á sọ wọ́n di ọ̀kan náà láìpẹ́.

Àwọn tí ilé wọn jẹ́ búlọ́ọ̀kù lórí ilẹ̀ líle, ẹ bá búlọ́ọ̀kù yín lọ, àmọ́ yanrìn tí kò ní iyọ̀ ni kí ẹ rà.

Ẹ̀yin tó ń fowó ránṣẹ́ láti Èkó àti òkè òkun, mo bẹ̀ yín, kí ẹ tó sọ ohun tí ẹ fẹ́, ẹ ní kí wọ́n ya fọ́tò abẹ́ ilé ránṣẹ́ sí yín, kì í ṣe iwájú nìkan. Ẹ̀ka ọ̀dọ́ ti ṣetán láti lọ yà á, ká sì wọn àwọn òpó. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ti tún dáwó jọ fún yàrá Ìyá àgbà. Pákó ni wọ́n ní ká rà lọ́tẹ̀ yìí.