Fóònù Tí A Rà Nílẹ̀ Òkèèrè: Ọ̀rọ̀ Tí A Bá Ẹgbẹ́ Sọ

A mọ̀ pé oòrùn ti ń mú, àwọn tó fi ìsọ̀ sílẹ̀ fún ọmọ sì ti ń wo aago. A ò ní í pẹ́.

Ọ̀rọ̀ fóònù la fẹ́ sọ. Kì í ṣe ti olè tó ń já a gbà, ìyẹn di ọjọ́ mìíràn. Fóònù tí ọmọ fi ránṣẹ́ láti òkè òkun ni, àti síìmù wa tí à ń gbé sọdá ibodè Sẹ̀mẹ̀ lọ sí Kútọnu.

Ọ̀kan nínú wa, aláṣọ ni, a ò ní í dárúkọ rẹ̀ torí ó wà níjòkòó níbí, ọmọ rẹ̀ fi iPhone ránṣẹ́ sí i láti Amẹ́ríkà. Gbogbo wa la bá a yọ̀. Ó yọ síìmù nínú fóònù àtijọ́, ó kì í bọ tuntun, ó sì gbé ti àtijọ́ fún àbúrò rẹ̀. Fóònù tuntun kọ ọ́ síta pé òun ò gba síìmù yìí. Ó rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló tún ń ṣe bó ṣe máa ń ṣe. Ìdájí ọjọ́ kejì, ó ti wọ mọ́tò Kútọnu. Dírẹ́bà tó kó ẹrù rẹ̀ pè é títí, kò wọlé. Oníbàárà tó fẹ́ sanwó ò rí i bá sọ̀rọ̀. Ọjọ́ méjì ni ẹrù fi sùn síbodè, owó sì ń gorí owó. Nígbà tó padà dé, ọmọkùnrin kan gba ẹgbẹ̀rún márùndínlógójì náírà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi nǹkan pẹlẹbẹ kan bí èèpo àlùbọ́sà sábẹ́ síìmù, fóònù sì ṣiṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré! Bí fóònù ṣe ní kó ṣe ọ̀púdéètì, tó sì ṣe é, ó tún kú.

Kí ló fà á? Wọ́n ti lọ́ọ̀kì fóònù náà ni. Ní Amẹ́ríkà, àwọn iléeṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń ta fóònù láwìn, bí àwa náà ṣe ń ta aṣọ fún ẹni tó ń san díẹ̀díẹ̀. Kí oníbàárà má baà gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì, wọ́n á tì í mọ́ síìmù tiwọn nìkan. Ọwọ́ wọn náà ni kọ́kọ́rọ́ wà. Bí owó bá pé, tí ẹni tó rà á sì béèrè, ọ̀hún ni wọ́n ti máa ṣí i, kì í ṣe abẹ́ agboòrùn níbí. Torí náà, kí ọmọ tó fi í ránṣẹ́, ẹ bi í: ṣé o ti san owó ẹ̀ tán? Ṣé wọ́n ti ṣí i? Lórí iPhone, ẹ ní kí ẹni tó mọ̀wé wo Settings, kó tẹ General, kó tẹ About, kó wá ibi tí wọ́n kọ Carrier Lock sí. Bó bá jẹ́ No SIM restrictions ló wà níwájú ẹ̀, kò sí àgádágodo níbẹ̀. Ní ti ìlú ọba, láti oṣù Kejìlá ọdún 2021 ni ìjọba ti ní kí iléeṣẹ́ kankan má ta fóònù tí wọ́n lọ́ọ̀kì mọ́. Àmọ́ tòkunbọ̀ tó ti wà ṣáájú ìgbà yẹn ṣì lè ní lọ́ọ̀kì lára.

Òmíràn tún wà. Láti 2022, bẹ̀rẹ̀ látorí iPhone 14, èyí tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà ò ní ihò síìmù rárá. Inú fóònù lọ́hùn-ún ni síìmù ẹ̀ wà, eSIM ni wọ́n ń pè é. Ẹ lè rí i ṣe níbí, àmọ́ ẹ máa dé ọ́fíìsì nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín tẹ̀yin ti NIN yín. Ẹni tó máa ń ra síìmù lẹ́bàá títì ní Lomé, kí ló fẹ́ fi irú fóònù bẹ́ẹ̀ ṣe?

Ní ti ìgbì afẹ́fẹ́ tí fóònù ń gbà, 900 àti 1800 ni GSM ń lò ní Nàìjíríà, Benin àti Tógò, ìdí nìyẹn tí fóònù tí a rà l'Ékòó fi ń ṣiṣẹ́ ní Kútọnu láìsí wàhálà. Amẹ́ríkà ń lo 850 àti 1900. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń lo fóònù láti 2001 tí GSM dé, ẹ ó rántí àwọn fóònù Amẹ́ríkà tí ò mú nǹkan kan níbí. Fóònù ìsinsìnyí sábà máa ń gba gbogbo ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ti wá yí padà: ní 2022 ni àwọn iléeṣẹ́ ńlá ibẹ̀ pa 3G. Ìyá tó bá gbé fóònù kékeré alátẹ̀ lọ tọ́jú ọmọ tuntun lọ́hùn-ún, ó ṣeé ṣe kó má lè fi í pe ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ná ọjà ẹ̀yìn ibodè, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Bẹ́ ẹ bá dé ìtòsí Sẹ̀mẹ̀, fóònù yín lè gba nẹ́tíwọ́ọ̀kì Benin fúnra ẹ̀, láìjẹ́ pé ẹ tíì sọdá. Nígbà náà, bí wọ́n pè yín pàápàá, ó lè gbowó. Ẹ pa data roaming. Ẹ lo fóònù onísíìmù méjì, kí síìmù ilé wà nínú ẹ̀ kí kóòdù báńkì lè máa wọlé, kẹ́ ẹ sì fi ti ọ̀hún pè. Ẹ mú káàdì ìdánimọ̀ dání, torí wọ́n máa fi orúkọ síìmù yẹn sílẹ̀. Bí WhatsApp bá bi yín pé ṣé kí òun pààrọ̀ nọ́ńbà, ẹ ní rárá o! Nọ́ńbà tí oníbàárà mọ̀ náà ni kó wà níbẹ̀.

Nọ́ńbà Benin náà ti yí padà. Láti 30 oṣù Kọkànlá ọdún 2024, ó ti di nọ́ńbà mẹ́wàá. Ẹ fi 01 síwájú mẹ́jọ àtijọ́, ìyẹn ni pé lẹ́yìn 229, ẹ tẹ 01, kẹ́ ẹ tó tẹ ìyókù. Àwọn kan nínú wa ń bínú sí oníbàárà wọn ní Dantokpa pé kò gbé ìpè, nọ́ńbà àtijọ́ ni wọ́n ń pè!

Àwọn tó ń lọ Guangzhou, ẹ mọ̀ pé Ṣáínà ti dí WhatsApp láti 2017. Síìmù ibẹ̀ ò ní í gbé e. Síìmù Nàìjíríà tẹ́ ẹ bá ṣí roaming sí sábà máa ń gbé e, torí ó ń gba ilé kọjá. Ṣùgbọ́n ó wọ́n o, ẹ béèrè iye rẹ̀ kẹ́ ẹ tó wọ bàálù.

Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, ẹ mú fóònù yín wá pẹ̀lú ìwé tẹ́ ẹ kọ nọ́ńbà Kútọnu sí. Ọmọ akọ̀wé wa á bá yín wò ó, kò ní í gba kọ́bọ̀. Ní ti aláṣọ wa, ọmọ rẹ̀ ti san owó tó kù lórí fóònù náà, wọ́n ní àwọn á ṣí i. A ṣì ń retí wọn.