Alùpùpù Àtijọ́ àti Ọgbọ́n Ọwọ́: Ọ̀rọ̀ fún Àwọn Ọmọ Òkè-Àdó

  

Ó lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu pé ọ̀rọ̀ alùpùpù ni a gbé wá sí irú àpéjọ yìí. Nígbà tí ẹgbẹ́ ìlú bá péjọ, ọ̀rọ̀ ọ̀nà, omi, ilé ìwòsàn àti owó ilé ẹ̀kọ́ ni a máa ń gbọ́, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá rìn láti Òkè-Àdó lọ sí Mọ́lété tàbí sí Òkè-Bọ́lá, ohun méjì wà tí ojú wa ń rí tí ẹnu wa kì í sọ. Èkíní ni alùpùpù àtijọ́ tí ó ti dípẹtà lẹ́yìn ilé, tí adìẹ ń yé sí abẹ́ rẹ̀, tí a sì ń retí ẹni tí yóò wá fi òṣùwọ̀n rà á bí irin àlòkù. Èkejì ni ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó fi iṣẹ́ tí ó ń kọ́ sílẹ̀ kí ó tó gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, tí ó lọ ń fi alùpùpù gbé èrò, nítorí pé owó òòjọ́ tètè ń dé ọwọ́ ju owó ọgbọ́n lọ. Ohun tí a fẹ́ sọ lónìí ni pé a lè fi èkíní ṣe ìwòsàn èkejì.

Irú alùpùpù kan wà tí àwọn Òyìnbó ń pè ní cafe racer, èyíinì ni alùpùpù eré ìje ti ilé kọfí. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ọ̀dọ́ òṣìṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í ra alùpùpù, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ilé kọfí tí ó wà lẹ́bàá títì ni wọ́n ti ń pàdé ní alẹ́. Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù lọ ni Ace Cafe, ní ojú ọ̀nà North Circular ní London. A ṣí i ní ọdún 1938. Bọ́ǹbù bà á jẹ́ nígbà ogun. A tún un kọ́ ní ọdún 1949. A tì í pa ní ọdún 1969. A sì tún ṣí i padà ní ọdún 2001. Ohun ìgbéraga fún àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí ni láti sá ọgọ́rùn-ún máìlì ní wákàtí kan, èyí tí í ṣe nǹkan bí 160 kìlómítà.

Alùpùpù bí a ti ń tà á ní ṣọ́ọ̀bù kò tẹ́ wọn lọ́rùn. Wọ́n yọ ohunkóhun tí ó wúwo tí kò sì wúlò fún eré. Wọ́n rẹ ọwọ́ ìdarí rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹni tí ó gùn ún lè tẹ̀ síwájú, kí afẹ́fẹ́ má baà dá a dúró. Wọ́n sún ibi ìgbẹ́sẹ̀lé sẹ́yìn. Wọ́n sì ṣe ìjókòó ẹnì kan, tí ó ní iké kékeré ní ìdí. Àwọn ọlọ́gbọ́n inú wọn tilẹ̀ ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé iṣẹ́ Norton ní egungun alùpùpù kan tí Rex McCandless, ará Àríwá Ireland, ṣe, tí ó jáde ní ọdún 1950. Featherbed ni wọ́n sọ ọ́, èyíinì ni ibùsùn ìyẹ́. Ó dúró ṣinṣin lójú ọ̀nà, àní ní kọ́nà. Ilé iṣẹ́ Triumph ní tirẹ̀ ní ẹ̀rọ tí ó lágbára. Ẹ̀rọ Bonneville rẹ̀ ti ọdún 1959 jẹ́ 649 cc. Àwọn ọ̀dọ́ gbé ẹ̀rọ Triumph sínú egungun Norton, wọ́n sì pe ọmọ tí àwọn méjèèjì bí ní Triton. Kì í ṣe ilé iṣẹ́ ńlá ni ó kọ́kọ́ ṣe Triton. Ọwọ́ àwọn tí ń ti ibi iṣẹ́ dé ní ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n ń wọn irin, tí wọ́n ń gé e, tí wọ́n ń ha á, ni ó ti jáde.

A kò ní fi apá kan ìtàn yìí pamọ́. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ni eré náà pa lójú títì, àwọn ìwé ìròyìn sì sọ gbogbo wọn di ọmọ ìta. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1962, Àlùfáà Bill Shergold ti Ìjọ Áńgílíkà, tí òun náà ń gun alùpùpù, pè wọ́n wá sí ìsìn pẹ̀lú alùpùpù wọn, ó sì dá ẹ̀ka tiwọn sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ tí a ń pè ní 59 Club. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn. Ọmọ tí a lé jáde kò sí nítòsí láti gbọ́ ìmọ̀ràn. Èyí tí a pè wọlé ni ó lè gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Ìbàdàn. Nígbà tí ọrọ̀ ajé le lẹ́yìn ọdún 1986, tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ wọ́n, alùpùpù di ohun ìgbé-èrò káàkiri ilẹ̀ wa, ó sì gba orúkọ Ọ̀kadà lára ọkọ̀ òfúrufú Okada Air. Ọ̀kan nínú èyí tí ó dára jù fún iṣẹ́ tí a ń wí ni Honda CG125, tí ó jáde ní ọdún 1976. Ẹ̀rọ rẹ̀ jẹ́ 124 cc. Àwọn ará Japan ṣe é fún ilẹ̀ bí tiwa, níbi tí ọ̀nà kò dán, tí a kì í sì í tètè pààrọ̀ ọ́ìlì. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń ti fáàfù rẹ̀ dípò ṣéènì, kí àtúnṣe rẹ̀ má baà ṣòro. Àwọn ará Ṣáínà ti ṣe irú ẹ̀rọ yìí lọ́pọ̀lọpọ̀, nítorí náà ẹ̀yà rẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n lọ́jà, láti Nnewi títí dé Ìbàdàn níhìn-ín. Kò lè sáré bí Triton, a kò sì fẹ́ kí ó sá bẹ́ẹ̀. Ẹwà rẹ̀ yóò wà nínú pé a ṣe é dáadáa.

Báwo ni a ó ṣe ṣe é? Ìwé rẹ̀ ni àkọ́kọ́. Alùpùpù tí kò ní ìwé, tàbí tí nọ́ńbà ara rẹ̀ kò bá ti inú ìwé mu, ẹ má ṣe fọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn èyí, ẹ ta okùn láti ara táyà ẹ̀yìn dé ara táyà iwájú ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Bí egungun bá ti wọ́, okùn yóò sọ. Ẹ tan ẹ̀rọ, kí ẹ wo èéfín. Bí èéfín CG125 bá ní àwọ̀ búlúù, ọ́ìlì ni ó ń jó, ìnáwó sì wà níwájú.

Kí a tó tú u, kí a fi tẹlifóònù ya àwòrán gbogbo ìhà rẹ̀. Kí a kó nọ́ọ̀tì àti bóòtù ibì kọ̀ọ̀kan sínú agolo mílíìkì tirẹ̀, kí a sì kọ orúkọ sí i lára. Ọ̀dọ́ tí ó bá kọ́ èyí nìkan ti kọ́ ètò, ètò sì ni ìyàtọ̀ láàrin oníṣẹ́ àti ẹni tí ń fi iṣẹ́ dánrawò.

Iṣẹ́ jórinjórin ni ó kàn. Ìrù egungun ni a máa ń gé kí ìjókòó lè kúrú. A kò gbọdọ̀ gé e dé ibi tí sọ́kì ẹ̀yìn ti rọ̀ mọ́ ọn, a sì gbọdọ̀ jó irin mìíràn tí ó tẹ̀ kọrọdọ mọ́ ẹnu tí a gé, kí apá méjèèjì má baà ya. Páìpù náà fẹ́lẹ́. Iná tí ó bá pọ̀ jù yóò lu ú. Kí a yọ bátìrì kí a tó tan iná jórinjórin.

Bí a bá rẹ ọwọ́ ìdarí sílẹ̀, kí a yí i dé òpin ní ọ̀tún àti ní òsì. Kò gbọdọ̀ kan tánkì, kò sì gbọdọ̀ fún ìka mọ́lẹ̀. Bí wáyà tí ń fún ẹ̀rọ ní epo bá kúrú jù, ẹ̀rọ yóò sáré fúnra rẹ̀ nígbà tí a bá yà ní kọ́nà, èyí sì ti tó láti pa ènìyàn. Bí a bá sún ibi ìgbẹ́sẹ̀lé sẹ́yìn, ọ̀pá bíréèkì àti ti jíà gbọdọ̀ bá a lọ, kí ẹsẹ̀ má wá bíréèkì kiri nígbà tí ewu bá dé.

Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn láti yọ àpótí asẹ́ afẹ́fẹ́ kúrò, kí wọ́n fi asẹ́ kékeré tí ń dán sí ẹnu kabúrétọ̀. Ẹ rántí eruku ọyẹ́ wa. Yàtọ̀ sí eruku, afẹ́fẹ́ yóò pọ̀ ju epo lọ, ẹ̀rọ yóò gbóná, písítìnì lè jó. Púlọ́ọ̀gì ni ẹlẹ́rìí: bí ẹnu rẹ̀ bá ní àwọ̀ ilẹ̀ gbígbẹ, ó dára, bí ó bá funfun, epo kò tó, bí ó bá dúdú bí èédú, epo pọ̀jù. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí a fi àpótí náà sílẹ̀. Kí a fi sàlẹ́ńsà náà sílẹ̀ pẹ̀lú. Aláìsàn àti ọmọ ọwọ́ wà ní àdúgbò.

Bí ó bá ku owó díẹ̀, kí ó má ṣe jẹ́ owó bíréèkì àti táyà ni a ó fi ra ọ̀dà. Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tí ó wà lára táyà: bí ó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni a ṣe é. Táyà tòkúnbọ̀ lè dán lójú kí ó sì ti gbó. Ẹ sì mọ̀ pé bí eré bá di ìlọ́po méjì, ọ̀nà tí bíréèkì nílò láti fi dá wa dúró di ìlọ́po mẹ́rin. Iná iwájú, iná ẹ̀yìn, iná ìyàkọ́nà, dígí àti nọ́ńbà kò sí lára ẹrù tí a ń yọ.

Ọ̀rọ̀ akoto kò gba àríyànjiyàn. Ní ọdún 1988 ni a dá Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó sílẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká sì ni alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Nígbà tí àjọ náà tẹnu mọ́ òfin akoto ní oṣù kìíní ọdún 2009, a rí àwọn tí ó dé igbá sórí láti fi tan ọlọ́pàá. Ọlọ́pàá ni igbá lè tàn. Kò lè tan ọ̀dà títì.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá parí, kí a gùn ún díẹ̀, kí a padà wá fún bóòtù rẹ̀, kí a tún gùn ún. Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi.

Ẹ jẹ́ kí a ka iye ọwọ́ tí ó ti kan irin kan ṣoṣo yìí. Mẹkáníìkì tú ẹ̀rọ rẹ̀. Jórinjórin jó egungun. Ẹni tí ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin róbótó ṣe ibi ìgbẹ́sẹ̀lé. Oníwáyà to iná rẹ̀. Ẹni tí ń rán àga rán ìjókòó. Afínọ̀dà kun tánkì. Vọ́kànáísà sì de táyà. Iṣẹ́ méje nìyẹn, gbogbo wọn ni a sì lè rí láàrin Òkè-Àdó àti Challenge. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ohun tí a ìbá tà bí irin àlòkù ti di iṣẹ́ fún ènìyàn méje, ó sì ti di ẹ̀kọ́ fún ọmọ iṣẹ́ tí ó dúró tì wọ́n. Ọmọ tí ó bá rí i pé ọwọ́ òun lè ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò ní fi ọ̀gá rẹ̀ sílẹ̀ wẹ́rẹ́ nítorí owó òòjọ́.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ mẹ́ta ni a ní. Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa, kí ẹ tó ta alùpùpù ẹ̀yìn ilé fún oní-irin-àlòkù, ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ rí i. Ẹ̀yin ọmọ wa ní ẹ̀yìn odi, irinṣẹ́ ìwọnǹkan ni kí ẹ fi ránṣẹ́ sí wa: ohun tí a fi ń wọn irin dé ìdá mílímítà, spánà tí ń sọ bí bóòtù ti le tó, àti akoto gidi tí kò tíì là rí. Ẹ̀yin ọ̀gá oníṣẹ́, ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ bá yín yan alùpùpù kan ṣoṣo ní ọdún tí ń bọ̀, kí àwọn ọmọ iṣẹ́ yín jùmọ̀ ṣe é lójú yín, kí a sì gbé e wá sí iwájú àpéjọ yìí. Bí ó bá dára, kí a tà á, kí a sì fi owó rẹ̀ ra irinṣẹ́ fún àwọn tí ó bá gba òmìnira ní ọdún náà.

Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí irin ó ṣe wá léṣe, kí ọ̀nà má ṣe pa ọmọ wa. Kí Òkè-Àdó ó máa gbòòrò sí i.