Ọmọ Tí Ó Sọ Afẹ́fẹ́ Di Iná

Ẹ̀yin ọmọ Káàárọ̀-o-ò-jíire tí ẹ pé jọ ní ilẹ̀ àjèjì yìí, àwọn olórí ẹgbẹ́ wa ni wọ́n ní kí n wá sọ ọ̀rọ̀ àkànṣe ọdún yìí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, nítorí àǹfààní ńlá ni fún ẹnikẹ́ni láti dìde níwájú àwọn tí ń yọ nínú owó òógùn ojú wọn lóṣooṣù nítorí ìlú tí ó bí wọn.

Ìtàn ọmọ kan ni mo mú wá fún yín. Kì í ṣe ọmọ Yorùbá. Ọmọ Màláwì ni, ní ìhà gúúsù ìlà-oòrùn Áfíríkà, orúkọ rẹ̀ sì ni William Kamkwamba. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà tí wọ́n ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀, wọn kò béèrè ìlú tí a ti bí ọmọdé náà kí wọ́n tó gba ọgbọ́n lọ́wọ́ rẹ̀, èmi pẹ̀lú kò sì ní béèrè.

Ọdún 1987 ni a bí William. Abúlé Masitala lẹ́bàá Wimbe, ní agbègbè Kasungu, ni ó dàgbà sí. Àgbẹ̀ ni bàbá rẹ̀, àgbàdo àti tábà ni ó ń gbìn. Ọmọ méje ni àwọn òbí rẹ̀ bí, obìnrin mẹ́fà, òun nìkan ni ọkùnrin láàárín wọn. Iná mànàmáná kò sí ní abúlé náà. Àtùpà elépo òyìnbó ni wọ́n ń tàn, èéfín rẹ̀ a máa ta àwọn ọmọ lójú, a sì máa mú wọn wúkọ́; bí epo bá sì wọ́n, kí ilẹ̀ tó ṣú tán ni olúkúlùkù yóò ti fẹ̀yìn lélẹ̀, nítorí kò sí ohun tí ènìyàn lè fi ojú rẹ̀ ṣe nínú òkùnkùn.

Ní ọdún 2001 sí 2002, ìyàn mú ní Màláwì. Òjò rọ̀ ní àrọ̀jù, àgbàra gbé ọ̀gbìn lọ, ọ̀dá tẹ̀ lé e, àgbàdo tí ìjọba sì kó pamọ́ de irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni a ti tà. Èèrí àgbàdo tí à ń fi bọ́ ẹran ni àwọn ènìyàn ń rà jẹ. Ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́, ní alẹ́, ni ilé bàbá William ń fẹnu kan oúnjẹ, òkèlè tí ó sì ń kan ẹnì kọ̀ọ̀kan kò ju ìwọ̀nba lọ. Ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́: bàbá tí ń wá ohun tí ìdílé yóò jẹ kí ilẹ̀ tó mọ́ kò lè rí owó ilé-ìwé san, èyí tí ó jẹ́ nǹkan bí 80 dọ́là ti Amẹ́ríkà lọ́dún. Bí William ṣe kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ girama nìyẹn, nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlá.

Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń sọ ìtàn yìí bí ẹni pé ebi ni olùkọ́ ọmọ náà, bí ẹni pé ìyà ni ó là á lójú. N kò fara mọ́ ọn. Àwọn ènìyàn kú nínú ìyàn náà, a kò sì mọ iye ọlọ́gbọ́n tí ó wà nínú wọn. Ìyà kò kọ́ William ní nǹkan kan tí ó ju bí ikùn ṣe ń kù lọ. Ohun tí ó kọ́ ọ, òun gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ fi etí sílẹ̀ gbọ́, nítorí pé ó wà ní agbára àwa tí a wà níhìn-ín láti ṣe irú rẹ̀.

Yàrá ìkàwé kékeré kan wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Wimbe, tí ó kún fún ìwé tí a fi ta àwọn ará ibẹ̀ lọ́rẹ láti òkè òkun. William kò fẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó ṣì wà ní ilé-ìwé fi òun sílẹ̀ sẹ́yìn, nítorí náà ó ń lọ síbẹ̀ lọ yá ìwé. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò dá múṣémúṣé. Àwòrán ni ó kọ́kọ́ ń wò. Bí ó bá rí nọ́ḿbà tí a kọ sábẹ́ àwòrán, a máa wá nọ́ḿbà náà kiri ojú ìwé títí yóò fi bá ọ̀rọ̀ tí ó ṣàlàyé rẹ̀ pàdé, bí ọ̀rọ̀ náà bá sì ta kókó, a gbé e tọ olùtọ́jú ìwé lọ tàbí kí ó yẹ̀ ẹ́ wò nínú ìwé atúmọ̀-èdè. Báyìí ni ó ṣe ka ìwé tí a ń pè ní Explaining Physics. Báyìí náà ni ó ṣe ka èkejì, Using Energy, tí àwòrán àwọn òpó gíga tí afẹ́fẹ́ ń yí abẹ̀bẹ̀ orí wọn wà lára èèpo rẹ̀. Ìwé ìkíní kọ́ ọ pé bí irin òòfà bá ń yí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà bàbà tí a ká, iná yóò máa ṣàn nínú wáyà náà, àti pé èyí ni dáínámò ara kẹ̀kẹ́ ń ṣe tí gílóòbù iwájú kẹ̀kẹ́ fi ń tàn bí ẹni tí ó gùn ún bá ń fi ẹsẹ̀ wà á. Ìwé kejì fi hàn án pé afẹ́fẹ́ lè ṣe iṣẹ́ ẹsẹ̀. Àwa tí ìtàn Ṣàngó Ọlúkòso àti Ọya aya rẹ̀ kò ṣàjèjì sí, a mọ̀ pé ilé kan náà ni àwọn baba wa fi ìjì àti mànàmáná sí. Ọmọ Màláwì yìí ni ó wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ so wọ́n pọ̀ nínú àgbàlá bàbá rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un. Ẹni tí ó tú àṣírí òòfà àti wáyà yìí ní ọdún 1831, Michael Faraday ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ alágbẹ̀dẹ ni. Kò kàwé jìnnà, iṣẹ́ dídi ìwé ni wọ́n fi í kọ́ ní èwe rẹ̀, àwọn ìwé tí oníbàárà sì gbé wá fún dídì ni ó ń ṣí kà kí ó tó dì wọ́n. Láti orí Faraday dé orí William, ọgbọ́n kò wọ́n nílé tálákà. Ohun tí ó wọ́n ni ìwé tí ó wà níbi tí ọwọ́ ọmọ tó.

Ní iwájú ilé-ẹ̀kọ́ girama tí William kò lè lọ mọ́, àkìtàn irin kan wà, níbẹ̀ ni ó sì ti ń ṣa ohun èlò. Abẹ̀bẹ̀ ẹ̀ńjìnnì katakata ni ó fi ṣe orí ẹ̀rọ náà. Ó la páìpù rọ́bà, ó yá a lórí iná títí ó fi rọ̀, ó tẹ̀ ẹ́ pẹrẹsẹ, ó sì gé e sí apá mẹ́rin tí afẹ́fẹ́ yóò máa tì. Nígbà tí ó yẹ kí ó lu ihò sára rọ́bà náà tí kò sì ní ẹ̀rọ ìlu, ó ki ìṣó bọ inú ṣùkù àgbàdo kí ó lè rí èèkù dì mú, ó ti orí ìṣó náà bọ iná títí ó fi pọ́n yòò, ó sì fi ń gún un, èéfín ń rú. Ìdérí ìgò bíà tí ó ṣà nílẹ̀ ilé ọtí ni ó tẹ́ pẹlẹbẹ tí ó dá lu láàárín láti fi há ìdè. Kẹ̀kẹ́ bàbá rẹ̀ tí ó ti bàjẹ́ ni ó di ara ẹ̀rọ, ó sì bá wọn kó igi sínú ọkọ̀ kí ó tó rí owó ajórin san. Dáínámò ni ó wá kù, owó rẹ̀ kò sì sí. Ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọmọ baálẹ̀ ìlú, ni ó rí ọkùnrin kan tí dáínámò wà lára kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ọmọ náà ti ọwọ́ bọ àpò, ó san 200 kwacha owó Màláwì, ó sì gbé dáínámò lé William lọ́wọ́. Ẹ má ṣe jẹ́ kí a fi ojú kékeré wo 200 kwacha yẹn. Láìsí i, gbogbo irin tí ọmọ náà ṣà jọ ì bá wà nílẹ̀ títí di òní.

Ní gbogbo àkókò yìí, àwọn ará ìlú ń fi í rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní orí rẹ̀ ti dàrú, àwọn mìíràn ní igbó ni ó ń mu, ìyá rẹ̀ pàápàá sì ń kọminú nípa rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ó parí iṣẹ́, tí òpó onígi tí ó ga tó mítà márùn-ún dúró lẹ́yìn ilé, èrò pé wá wòran. Ó gun òpó náà pẹ̀lú gílóòbù kékeré lọ́wọ́, ó fa irin tí ó fi há ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ mọ́lẹ̀ yọ, apá ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí yí, ó ń yára sí i, òpó ń mì, gílóòbù ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, ó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kejì, ó sì tàn. Àwọn tí wọ́n wá fi í ṣẹ̀sín ni wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un.

Lẹ́yìn náà ó fa wáyà wọ inú ilé. Bàtà sálúbàtà ni ó gé tí ó fi ṣe súìṣì, ó sì fi ìṣó àti òòfà ṣe ohun tí yóò máa pa iná bí wáyà bá kan ara wọn, kí ilé má baà jóná. Ó so bátìrì ọkọ̀ mọ́ ọn, gílóòbù mẹ́rin ń tàn, rédíò méjì ń sọ̀rọ̀, àwọn aládùúgbò sì ń mú fóònù wọn wá gba iná. Òpó kejì tí ó ṣe ga tó mítà 12. Ní ọdún 2006 ni ìwé ìròyìn gbọ́ nípa rẹ̀; ní 2007 wọ́n pè é sí àpérò TED ní Arusha, ní Tanzania; ó padà sí ilé-ìwé, ó kọ́ ẹ̀kọ́ ní African Leadership Academy ní Johannesburg, ó sì gboyè jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga Dartmouth ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2014. Ìwé tí a kọ nípa ayé rẹ̀ jáde ní 2009, Chiwetel Ejiofor, ọmọ Ìgbò tí a bí sí Lọ́ńdọ̀nù, sì sọ ọ́ di fíìmù ní 2019. Ìgbà tí ọlá dé, ó gbẹ́ kànga jíjìn tí agbára oòrùn ń fa omi rẹ̀ fún abúlé rẹ̀, nítorí kò gbàgbé ọ̀dá.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ jẹ́ kí a wá wo ọ̀dọ̀ tiwa. Láti ọdún 1896 ni iná mànàmáná ti ń tàn ní Èkó, síbẹ̀ abúlé wà ní ilẹ̀ Yorùbá lónìí tí òpó iná ìjọba kò dé, òmíràn sì wà tí òpó dé ṣùgbọ́n tí iná kò gba ara rẹ̀ kọjá. Ẹ bá mi rántí pé ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ṣí ilẹ̀kùn ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, tí ọ̀pọ̀ ọmọ àgbẹ̀ tí ìbá máa wo oko bàbá wọn fi di dókítà àti ẹnjiníà. Ọ̀pọ̀ wa níhìn-ín, ọmọ ìpinnu yẹn ni wá. Ẹ bá mi rántí pẹ̀lú pé ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìdánwò ọlọ́dún mẹ́fà ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí wọ́n ti fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Àwọn ọmọ náà kò sì fi ẹ̀yìn balẹ̀ níwájú àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, wọ́n tún ta wọ́n yọ. Ká ní William ní ìwé sáyẹ́ǹsì ní èdè ìyá rẹ̀ ni, kì bá tí máa wá nọ́ḿbà àwòrán kiri ojú ìwé. Mélòó nínú àwọn ọmọ wa tí ń tú rédíò palẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù àwọn tí ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe ni ó ní ìwé kan ṣoṣo ní èdè Yorùbá tí yóò sọ fún wọn ìdí tí òòfà fi ń mú iná wá?

Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ̀ yín. A ti kọ́ gbọ̀ngàn sí ìlú wa, a ti ran ààfin lọ́wọ́, a sì ti náwó ayẹyẹ. N kò sọ pé kí a dáwọ́ wọn dúró. Mo bẹ ìjókòó yìí kí a tó tú ká lọ́la, kí a dìbò sí i pé ẹ̀ka ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò gba yàrá ìkàwé kan ní ìlú tirẹ̀ sí ọrùn, yàrá tí a óò kó ìwé sáyẹ́ǹsì àti iṣẹ́ ọwọ́ sí, ní Gẹ̀ẹ́sì àti ní Yorùbá, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ yóò ṣí sílẹ̀ fún ọmọ tí wọ́n lé kúrò nílé-ìwé gẹ́gẹ́ bí ó ti ṣí sílẹ̀ fún ọmọ olóyè. Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin ẹnjiníà tí ẹ ti fẹ̀yìn tì nínú wa, ẹ bá wa kọ àwọn ìwé Yorùbá wọ̀nyẹn. Èdè náà wà lẹ́nu yín, iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ yín. Akápò ẹgbẹ́ wà ní ìjókòó iwájú, ìwé ìforúkọsílẹ̀ wà níwájú rẹ̀, orúkọ tèmi ni àkọ́kọ́ nínú rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá kọ tiyín.